Ohùn Tí Mo Fi Kọ́ Wọn ní 'May' àti 'Must'

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ ṣe iṣẹ́ tíṣà tàbí kí ẹ wá nǹkan mìíràn ṣe, mo kọ èsì mi sílẹ̀ nítorí pé mi ò lè sọ ọ́ tán. Ohùn tó kù lọ́fun mi kò ju èyí tí ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn. Mo ní ohùn tẹ́lẹ̀ o. Ohùn tí wọ́n ń gbọ́ láti ẹnu géètì ilé ìwé ni mo ní. Bí mo ṣe pàdánù rẹ̀ ni mo rò pé mo mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, àfi bí mo ṣe dé Jakande Estate láìpẹ́ yìí tí mo rí i pé mi ò mọ nǹkan kan. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹnu ṣì ń yà mí.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn: mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ìsọlọ̀ ní kí n máa bọ̀, ilé ìwé girama kan tó wà lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá níbẹ̀ ń wá tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbà mí. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.

Ohun tó kọ́kọ́ dá mi níjì ni ariwo. Níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ní Èkìtì, bí adìẹ bá ké, gbogbo kíláàsì ló máa gbọ́. Ní Ìsọlọ̀, àwọn ọmọ pọ̀ débi pé àwọn kan ń jókòó sójú fèrèsé. Gíláàsì fèrèsé kò sí mọ́. Lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike ń tan jẹnẹrétọ̀ láti àárọ̀. Àwọn tírélà ń fẹ̀yìn rìn, wọ́n ń fọn fèrè. Bí ẹ bá sì rò pé ó ti tán, ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ balẹ̀ á gba orí òrùlé wa kọjá bí ẹni pé inú kíláàsì ló ń bọ̀. Mo dúró síwájú wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kí wọn, kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọn kò gbọ́ mi ni.

Ẹni tó máa kọ́ mi níṣẹ́ ni Ìyáàfin Ṣówándé, ọ̀gá ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì. Ará Àgọ́-Ìwòyè ni, obìnrin kúkurú, tín-ín-rín, tí awò ojú rẹ̀ máa ń wà ní ṣóńṣó imú. Gbogbo ilé ìwé ló bẹ̀rù rẹ̀, títí kan ọ̀gá àgbà. Wọ́n mú mi lọ bá a ní yàrá àwọn tíṣà.

"Kí lorúkọ ẹ?"

"Tọ́pẹ́ Àjàyí, mà."

Kò wo ojú mi. Ńṣe ló yí ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀tún sí mi, bí ẹni tí kò kà mí sí. "Mi ò gbọ́."

"Tọ́pẹ́ Àjàyí, mà."

"Àjàyí, tí èmi tí mo wà níbí ò bá gbọ́ ẹ, ta ló máa gbọ́ ẹ ní back bench?"

Bọ̀dá Rájí, tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, tó sì di ọ̀rẹ́ mi nígbẹ̀yìn, fọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín.

Odidi táàmù kan ni Ìyáàfin Ṣówándé kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ mi ni kí n nu bọ́ọ̀dù, kí n sì kun ún. Ẹ̀yin ò mọ ìyẹn. A máa ń tú bátìrì tó ti kú, a ó pò dúdú inú rẹ̀ mọ́ ewé kókò, a ó fi kun bọ́ọ̀dù títí yóò fi dú dáadáa. Ọwọ́ mi dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin tí mo ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ ń pè mí ní ìyàwó mẹkáníìkì. Bí mo bá kun ún tán, mo máa jókòó, mo máa wo bí ó ṣe ń kọ́ni.

Ó mọ iṣẹ́ náà. Kò fi ìwé kọ́ni rárá. "Grammar ò gbé inú ìwé," ó máa ń wí, "ẹnu ló ń gbé." Ó ní ẹ̀kọ́ kan tó fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀kọ́ lọ, òun náà ló sì di iṣẹ́ ayé tèmi: àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì. Can, could, may, might, shall, should, will, would, must. Kò sí ìtumọ̀ gidi nínú wọn bí wọ́n bá dá dúró. Àmọ́ fi ọ̀kan síwájú "go", wàá mọ̀ bóyá ẹni náà lágbára àtilọ, tàbí ó ń tọrọ ààyè, tàbí ó ṣeé ṣe kó lọ, tàbí dandan ni kó lọ. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ", wọn kì í kúnlẹ̀, wọn kì í dọ̀bálẹ̀, nítorí náà inú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yìí ni wọ́n kó gbogbo ìwà ọmọlúàbí wọn sí. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ tọ̀ tó wá sọ pé "I want to go and piss", ó máa dúró síbẹ̀ títí yóò fi rántí "May I". Mo rí ọmọ tó ń sunkún tó sì ń sọ ọ́ láìṣìnà.

Orin ni ó fi ń kọ́ wọn. Kì í ṣe orin tó ní ìlù o, ńṣe ni tíṣà máa pe ọ̀rọ̀ kan, gbogbo kíláàsì á gbè é. Tíṣà á ní "can", wọ́n á ní "I can go". Tíṣà á ní "must", wọ́n á ní "I must go". Gbogbo wọn á tún máa fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, orí mi wú. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fẹ́ǹsì, àwọn ọmọ yìí sì borí rẹ̀.

Nígbà tó wá fún mi ní kíláàsì tèmi, mo rò pé ìyà ti tán. Ìgbà náà ló bẹ̀rẹ̀. Ìyáàfin Ṣówándé á wọlé, á lọ jókòó sí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ, á fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí tábìlì, á yí ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀tún sí mi. Bí mo bá ti la ẹnu, á fi eegun ìka kan tábìlì, kó, kó, kó.

"Mi ò gbọ́ ẹ, Àjàyí. Tún un wí."

Mo máa tún un wí. Á tún kan tábìlì. Mo máa gbé e sókè sí i. Nígbà tí ara mi bá ti ń gbọ̀n, tí iṣan ọrùn mi ti yọ, ìgbà yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ máa tó dúró. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, láti ọdún dé ọdún.

Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé èmi nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Bí ó bá wọ kíláàsì àwọn tíṣà Gẹ̀ẹ́sì yòókù, kì í pẹ́ tó fi máa jáde. Tèmi, ó máa jókòó títí aago yóò fi lù. Mo gbà pé ó kórìíra mi. Mo rò pé ohùn Èkìtì mi ni kò bá a lára mu. Bọ̀dá Rájí ní kí n má da ara mi láàmú.

"Àǹtí Tọ́pẹ́, bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Ṣé ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń gba ìkíni? Tẹ́ ẹ bá kí wọn lóòró báyìí, wọn ò ní dá yín lóhùn. Ẹ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kó balẹ̀ dáadáa."

Òótọ́ ni. Bí o bá dúró kí i, á kọjá bí ẹni pé òkúta ni ẹ́. Àmọ́ bí eékún rẹ bá ti kan ilẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ló máa dáhùn, á sì bèèrè àlàáfíà ilé rẹ. Gbogbo wa gbà pé ìgbéraga àgbà ni. Bí ó bá sì pè wá sọ̀rọ̀ ní yàrá àwọn tíṣà, ńṣe la máa ń pariwo dá a lóhùn, nítorí pé a mọ̀ pé kò fẹ́ràn ẹni tó ń kùn sínú. A ń bọ̀wọ̀ fún un ni.

Nígbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé. Mo ti lọ́kọ, mo ti bí Tòmíwá, iṣẹ́ mi sì ń tẹ́ ọ̀gá àgbà lọ́rùn. Síbẹ̀, kí obìnrin yìí kàn sọ lẹ́ẹ̀kan péré pé òun gbọ́ mi, ohun tí mò ń gbàdúrà fún nìyẹn. Kò sọ ọ́.

Ọ̀fun mi ti ń dùn mí kí ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí tó dé. Àárọ̀ Mọ́ńdè ohùn mi á dá ṣáká, tó bá fi máa di Fúráìdè á ti ha. Mo ń jẹ orógbó. Ìyàwó Bọ̀dá Rájí fi oyin ránṣẹ́. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa jẹ ataare, mo jẹ ẹ́ títí omi fi ń dà lójú mi. Gbogbo ènìyàn ló ní oògùn tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ pé kí n dákẹ́. Ṣé èmi náà lè lọ bá Ìyáàfin Ṣówándé kí n sọ fún un pé ọ̀fun ń dùn mí, kó má kan tábìlì mọ́? Ta ló bí mi?

Ọyẹ́ ló wà níta lọ́jọ́ náà, eruku ń wọlé láti ojú fèrèsé. Ìyáàfin Ṣówándé wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ lórí tábìlì. A bẹ̀rẹ̀ láti orí can. A dé may, a dé should. Ó kan tábìlì, mo gbé e sókè. Ó tún kan án. Mo fa èémí sínú, mo la ẹnu láti pe must.

Nǹkan kan ṣẹ́ lọ́fun mi. Bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ ló rí. Ẹnu mi wà ní yíyà, kò sí ohun tó jáde. Mo tún gbìyànjú. Afẹ́fẹ́ lásán. Mo tẹ̀síwájú, mò ń la ẹnu, mò ń pa á dé, mo fọwọ́ di ọrùn mi mú. Àwọn ọmọ wò mí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó mira. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ kíláàsì yẹn rí. Mi ò tilẹ̀ rántí pé jẹnẹrétọ̀ ń ké lọ́jọ́ náà.

Mo gbójú sókè wo Ìyáàfin Ṣówándé. Mo rò pé ó máa dìde wá bá mi. Ó dìde lóòótọ́. Ó wo ẹnu mi, ó wo àwọn ọmọ tó yí i ká, ó tún wo ẹnu mi. Ó fọwọ́ kan yẹtí rẹ̀ ọ̀tún bí ẹni tó ń tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ó mú báàgì rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó jáde. Mo sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, mo pè é. Kí ni mo fẹ́ fi pè é? Kò wẹ̀yìn.

Jìnnìjìnnì bò mí. Ẹ máa rántí pé ohùn ni mo fi ń jẹun. Wọ́n gbé mi dé ọsibítù ìjọba, dókítà fi nǹkan tó ní iná wo ọ̀fun mi, ó ní kókó ti hù sórí okùn ohùn, ọ̀kan sì ti bẹ́. "Madam, ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Kódà ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́." Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ó ní ohùn lè padà, ó sì lè má padà. Mo jókòó sílé, mi ò lè pe ọmọ mi lórúkọ. Tòmíwá á fọwọ́ kan ẹnu mi, á máa wò mí.

Bọ̀dá Rájí ló wá bẹ̀ mí wò. Mo fọwọ́ ṣàpèjúwe awò ojú sórí imú, láti fi bi í léèrè nípa ọ̀gá wa.

"Àh, ẹ ò tíì gbọ́? Wọ́n ti lọ o. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n kó ẹrù wọn. Wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́, àwọn ń lọ sí Àgọ́."

Mo na ọwọ́ méjèèjì: kí ló dé?

"Wọn ò sọ. Wọ́n ṣáà ní ohun tí àwọn ń retí ti dé. Mo ń pariwo, mò ń bẹ̀ wọ́n, wọn ò tiẹ̀ wò mí."

Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju iṣẹ́ abẹ lọ. Ó ti ń retí kí n kùnà. Mo kùnà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn, mo sì gbé e sáyà títí mo fi hu ewú.

Ohùn kò padà dáadáa, èyí tí ẹ ń gbọ́ yìí náà ni. Ọ̀gá àgbà ní kí n lọ máa bá wọn ṣe iṣẹ́ ní ọ́fíìsì. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n kọ́ kíláàsì kan péré, kó wá wò ó. Mo wọlé, mo kọ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn sójú bọ́ọ̀dù. Mo ká apá mi bí ẹni tó fẹ́ fi iṣan han: can. Mo na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà: may. Mo ń gbọn ọwọ́ kan síbí sọ́hùn-ún: might. Mo di etí ara mi mú, bí ìyá ṣe ń kìlọ̀ fọ́mọ: should. Mo fi ìka gún tábìlì: must. Àwọn ọmọ wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ọmọbìnrin kan níwájú pè é, gbogbo wọn sì gbè é, wọ́n fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ló yà mí lẹ́nu. Ohùn Èkìtì mi ni wọ́n fi ń sọ ọ́, bí mo ṣe máa ń fà á gẹ́lẹ́. Mo dúró níwájú wọn, mò ń gbọ́ ara mi. Ọ̀gá àgbà wà lójú fèrèsé, kò sọ nípa ọ́fíìsì mọ́.

Báyẹn ni mo ṣe ṣe iṣẹ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Irinṣẹ́ ń yí padà, ọwọ́ mi kò yí. Wọ́n yọ bọ́ọ̀dù dúdú, wọ́n gbé funfun wá, èyí tí wọ́n ń fi máàkà kọ. Lọ́jọ́ kan, àwọn òbí dáwó ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan fún mi, irú èyí táwọn tó ń ta oògùn èkúté ní Apákun ń gbé kọ́ ìbàdí. Mo tan án, mo ní "may". Ọmọ kan ní, "Mà, ṣé ti eku ni àbí ti ayán?" Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi wúkọ́. Mi ò lò ó mọ́. Nígbà tó yá ni fóònù dé, ọmọ á tẹ ọ̀rọ̀ sí i, fóònù á pè é bí òyìnbó. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí fóònù sọ "I must go" nínú kíláàsì mi, àwọn ọmọ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi ni mo ń wo nǹkan náà bí ẹni tó rí iwin. Nǹkan tí kò lọ́fun ń ṣe iṣẹ́ tó ba ọ̀fun mi jẹ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ti ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé, nígbà tí Bọ̀dá Rájí kọ ọ́ sí WhatsApp àwa tíṣà àtijọ́ pé Màmá Ṣówándé ti padà wá sí Ìsọlọ̀, pé wọ́n wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Jakande Estate. Mo ti rò pé wọ́n ti kú. Mo ní mi ò ní lọ. Inú ṣì ń bí mi. Mo ra máltì àti bísíkíìtì, mo lọ.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, òun náà ti dàgbà, ó ń dáná. Ó gba nǹkan ọwọ́ mi.

"Ẹ ṣé o, mà. Àmọ́ ẹ máa pariwo dáadáa o. Mọ́mì ò gbọ́ràn."

"Ọjọ́ ogbó ni," mo ní.

"Rárá o. Ó ti pẹ́ gan-an. Mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí etí òsì lọ pátá, ti ọ̀tún sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe tíṣà níbí ni. Wọn ò jẹ́ ká sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní tí ilé ìwé bá gbọ́, wọ́n máa dá àwọn dúró."

Mo dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀tún. Ìkúnlẹ̀ tí ó máa ń dáhùn tí kì í dáhùn ìkíni lóòró. Àtẹ́lẹwọ́ lórí tábìlì. Gbogbo wa tíṣà, pẹ̀lú ìwé tí a kà, ń pariwo mọ́ obìnrin tó dití, a sì ń pè é ní ọ̀wọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó jẹ́ bi àgbà léèrè pé, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ràn?

Ó jókòó nínú àga onítìmùtìmù, ó ti kéré sí i, awò ojú ṣì wà ní ṣóńṣó imú. Mo kúnlẹ̀.

"Àjàyí!" Ohùn rẹ̀ kún gbogbo pálọ̀, bí ohùn ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀. "Dìde. Jókòó sí ibi tí mo ti lè rí ẹnu ẹ. Ọmọ ẹ ńkọ́?"

Mi ò dáhùn ìyẹn. Mo la ẹnu mi dáadáa, mo ní, "Mà, ṣé ẹ ò gbọ́ mi nígbà yẹn ni?"

Ó wo ètè mi. "Ìwọ nìkan ni mò ń gbọ́."

Mo rò pé kò rí ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

"Ìwọ nìkan, Àjàyí. Mo máa wọ kíláàsì àwọn yòókù, mo máa rí ẹnu wọn tó ń lọ sókè sódò, màá jáde. Tìẹ, màá jókòó. Tó o bá gbé e sókè, màá gbọ́ ẹ. Àwọn ọmọ yẹn, mo máa ń gbọ́ wọn láti inú tábìlì, lọ́wọ́ mi báyìí. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá ṣì ń gbọ́ Àjàyí, mi ò tíì dití. Ọjọ́ tí mi ò bá gbọ́ Àjàyí mọ́, màá kó ẹrù mi." Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè. "Ọjọ́ náà sì dé. Ò ń la ẹnu, àwọn ọmọ wà níbẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Tábìlì ò mì. Mo mọ̀ pé ó ti parí."

Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé mo lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè fi í sílẹ̀.

"Mà," mo ní, mò ń sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, "ohùn mi ló lọ lọ́jọ́ yẹn."

"Kí lo wí?"

"Ohùn mi ló lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Àwọn ọmọ náà dákẹ́, ẹ̀rù bà wọ́n ni."

Ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ sí yẹtí ọ̀tún, ibi tó fọwọ́ kàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó fi ọwọ́ síbẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí.

"Ṣé etí mi ṣì wà lọ́jọ́ yẹn?"

"Mi ò mọ̀, mà. Kò sí nǹkan tí ẹ lè gbọ́ ni."

Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí àpótí láìwo ẹ̀yìn. Èmi ò mọ bóyá kí n bínú ni tàbí kí n sunkún. Obìnrin yìí kan tábìlì títí ohùn mi fi já nítorí pé ó fẹ́ máa gbọ́ mi, ó sì fi iṣẹ́ tó fẹ́ràn sílẹ̀ nítorí ohùn tó já yẹn. Àwa méjèèjì ba ara wa jẹ́ nínú kíláàsì kan náà, a sì fi gbogbo ọdún yìí ṣì í rò: èmi rò pé ó kórìíra mi, òun rò pé etí òun ló kú lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ wá ṣe é, iṣẹ́ tó dára ni. Àmọ́ ẹni tó bá ń kan tábìlì mọ́ yín, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó ń ṣe é.

Omi ń bọ́ lójú Màmá Ṣówándé. Lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo rò pé ẹkún ni, ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́ sórí itan. Ó gbé e padà sójú, ó yí gbogbo ojú rẹ̀ sí mi, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan mọ́, ó sì fi eegun ìka kan ọwọ́ àga. Kó, kó, kó.

"Mi ò gbọ́ ẹ, Àjàyí. Tún un wí. Láti orí can."

Mo dìde láàárín pálọ̀ náà, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí. Mo ká apá mi, mo la ẹnu, kò sí nǹkan tó jáde ju èémí lọ. Òun ló pè é. "I can go!" Mo na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. "I may go!" Mo di etí ara mi mú, ó pe tìyẹn náà, ó ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ pẹ̀lú sílípáàsì. Àwọn ará òkè kan ilẹ̀ pé kí ni ariwo yìí, òun kò gbọ́ wọn. Mo fi ìka gún àtẹ́lẹwọ́ mi fún must, níbi tí a ti dúró lọ́jọ́ náà, ó sì pè é já.

Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga.

"Mo gbọ́ ẹ," ó ní. "Lọ jókòó."